Ìdúpẹ́ tí ìṣẹ́jú mẹ́ta kò gbà

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi yin Olúwa. Ọmọ mi kò kú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí a jáde síwájú láti dúpẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n fún wa, torí àwa tó ní ìdúpẹ́ pọ̀. Mo ní, "Ọmọ mi ṣàìsàn, Ọlọ́run wò ó sàn, ẹ bá mi ṣe halelúyà." Ìjọ ṣe halelúyà, mo padà sáàyè mi. Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo sọ. Ṣùgbọ́n mo délé, oorun kò kùn mí, torí ohun tí mo gbé mì pọ̀ ju ohun tí mo sọ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo lọ́kọ sí. Aránṣọ ni mí, lọ́nà Ọjà Jagun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Ìlú tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi láti ọdún 1898 ni ìlú wa. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn áltò ni mò ń kọ. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé èmi tí mo ṣiyèméjì yìí, n kì í ṣe àlejò nílé Ọlọ́run. Inú ilé ni mo ti ṣiyèméjì.

Kí a tó ṣe ìgbéyàwó, ṣọ́ọ̀ṣì ní kí a lọ ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù. Ibi tí a ti ṣe é kọ AS fún mi, wọ́n kọ AA fún ọkọ mi. Pásítọ̀ wo ìwé náà, ó ní kò séwu. Nígbà tí ọmọ wa pé oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú rọ̀bọ̀tọ̀, kò sì jẹ́ kí á fọwọ́ kan òun. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ wa yẹ̀ wò níbòmíràn. AS ni ọkọ mi, AS ni èmi, SS ni ọmọ, ìyẹn ni pé ó ní àìsàn sickle cell. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì kọ. Ẹ̀yin tó ń múra ìgbéyàwó lọ́wọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ṣe é níbi méjì. Bí tọkọtaya bá jẹ́ AS méjèèjì, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ni ìdá kan nínú mẹ́rin ti wà pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Kì í ṣe pé bí ẹ bá bí mẹ́rin, ọ̀kan péré ni yóò mú. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan ní àbíkú ni, kí a tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ẹlòmíràn ní kí n lọ rántí ohun tí mo ṣe nígbà èwe mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí abiyamọ. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀, wọ́n ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.

Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn àgbà pe àìsàn náà, orúkọ yẹn sì bá a mu. Ẹ̀jẹ̀ pupa tiwa rí roboto, ó rọ̀, ibi tóóró ni kó wà, yóò gbà á kọjá. Tiwọn máa ń tẹ̀ bíi dòjé, ó máa ń le, ó sì ń há sínú iṣan. Tiwa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú, tiwọn kì í sábà ju 20 ọjọ́ lọ. Bí ọyẹ́ bá mú, bí omi ara bá dínkù, bí ibà bá dé, ìrora náà dé nìyẹn. Mo máa ń ki aṣọ bọ omi gbígbóná, màá fún un, màá fi wé e lẹ́sẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, mo jí, n kò gbọ́ igbe, mo rò pé ó ti sùn. Mo tan iná. Ó ti fi eyín di ìrọ̀rí mú, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò fẹ́ kí Dádì jí, wọ́n máa lọ síbi iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú mi palẹ̀. Ká tiẹ̀ ní mo ṣẹ̀, kí ni ọmọ ọdún mẹ́rin ṣe?

Kó tó dìgbà yẹn, ọkàn mi ti ń mì. Ní June 5, 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa bíi 40 èèyàn. Ìsìn ni wọ́n ń ṣe. Ibi tí èèyàn ń sá sí nígbà tí nǹkan bá le ni ikú ti bá wọn. Nígbà tó di February 6, 2023, ilẹ̀ mì ní Tọ́kì àti Síríà, ó lé ní 50,000 èèyàn tó kú. Oníbàárà mi kan ló fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Bàbá kan jókòó nínú òtútù lórí àlàpà, ó di ọwọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ mú. Ọwọ́ yẹn nìkan ló hàn dáadáa, ilé ti wó lu ọmọ náà, ó ti kú. Bàbá náà kò wo ẹnikẹ́ni, kò sì jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, mo jókòó.

Láti ọjọ́ yẹn ni n kò kọrin mọ́. Mo ń lọ sí ìdánrawò, mo ń wọ aṣọ akọrin, bí wọ́n bá dé ìlà tiwa mo ń la ẹnu, ohùn kò jáde. Olórí akọrin ní áltò ti fẹ́lẹ́. N kò sọ fún un pé èmi ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí Ọlọ́run bá lè dá irú ìyà báyìí dúró tí kò dá a dúró, irú bàbá wo nìyẹn? Bí kò bá sì lè dá a dúró, ta ni mò ń pè? Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru ló ń bá mi gbé.

Ní January ọdún yìí, ọyẹ́ mú gan-an. Ọmọ mi, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ètè rẹ̀ funfun bí ẹni pa ẹfun sí i, apá òsì ikùn rẹ̀ le, ó wú. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ há sínú ẹ̀yà ara kan níbẹ̀. Wọ́n yẹ PCV rẹ̀ wò, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà lára rẹ̀, 11 ni. Ti ọmọ tí ara rẹ̀ dá máa ń lé ní 30.

Ọmọbìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, bí ọmọ ọdún márùn-ún. Ibà ló wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ, gìrì ń gbé e, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà sì ti gbẹ. Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa ń pe ìyá rẹ̀. Mùsùlùmí ni, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń fa tèsùbáà láti ìrọ̀lẹ́, ètè rẹ̀ kò sinmi. Èmi akọrin kò gbàdúrà ẹyọ kan. Ní ìdájí, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ọmọ náà kú.

Àwọn obìnrin wọ́ọ̀dù yí i ká, wọ́n ń sọ ohun tí a máa ń sọ, "Ẹ má sunkún mọ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ó gbójú sókè, ó ní, "Omi yẹn ní orúkọ." Gbogbo wa dákẹ́. Ọkọ rẹ̀, tó ń gun ọ̀kadà, fi ìró ìyá rẹ̀ wé ọmọ náà, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, wọ́n jáde.

Mo wo ọmọ tèmi, ó ń mí. Ẹni tó gbàdúrà mọ́jú ni ọmọ rẹ̀ kú, ẹni tí kò gbàdúrà ni ọmọ rẹ̀ ń mí. Ẹ̀yin tó ń sọ lórí pẹpẹ pé àdúrà tẹ́ ẹ fi taratara gbà ló fi yín sí apá kan, tó sì fi ẹlòmíràn sí apá kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí obìnrin yìí.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, PCV ọmọ mi ti di 9. Ní ti gúrúùpù ẹ̀jẹ̀, tó yàtọ̀ sí jínótáìpù, O ni ọmọ náà. A ni ti bàbá rẹ̀, B ni tèmi. Àwa tí a bí i, a kò lè fún un ní ẹ̀jẹ̀. Àbúrò mi wá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò tó. Ọkọ mi ń pe àwọn èèyàn lórí fóònù títí fóònù rẹ̀ fi kú.

Nígbà náà ni mo rí Bàbá Ìbejì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Mo rò pé nǹkan ni wọ́n gbàgbé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ síta, ó wọlé, erùpẹ̀ pupa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó ti gbẹ mọ́ etí ṣòkòtò rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tó sin ọmọ rẹ̀ dé ni. Kò wo bẹ́ẹ̀dì kejì. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ gbà lára mi lánàá, ẹ má dà á nù. Ẹ bá mi wò ó bóyá ó máa bá ti ọmọkùnrin yẹn mu." Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò tán, kí wọ́n tó fi fún ọmọ rẹ̀ ni ọmọ fi lọ. O ni. Ó bá a mu.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì. Bàbá Ìbejì fà á dìde, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ni." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ náà kọ́. Mo jókòó, mò ń wo bó ṣe ń kán, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan. Ìsàlẹ̀ ojú ọmọ mi ni mo ń tẹ̀ wò léraléra. Nígbà tó di ọ̀gànjọ́, mo rí pupa díẹ̀ níbẹ̀. Kó tó di àárọ̀, ó lajú, ó ní òun fẹ́ àmàlà láfún àti gbẹ̀gìrì. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, n kò mọ èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo bi dókítà léèrè ìdí tí irú ẹ̀jẹ̀ yìí fi wà lára àwa èèyàn dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ibà ni. Ọmọ tó bá jẹ́ AS, ibà kì í sábà le sí i débi tí yóò pa á, ìdí nìyẹn tí AS fi pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, tó fi jẹ́ pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bí ẹnì kan ló gbé e. Mo rántí pé Ìyá Ìbejì ti sọ fún mi lóru yẹn pé AA ni ọmọ òun. Ohun tí ì bá dáàbò bo ọmọ tirẹ̀ ló fẹ́ pa ọmọ tèmi.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi orí ti ògiri, mo ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe gan-an? Ṣé bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó rí nìyí?" Mo sọ ọ́ sókè, mo sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè kọ síbí. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá Ọlọ́run sọ láti ìgbà tí mo ti rí àwòrán bàbá yẹn nìyẹn. Mo ti gbà pé n kò gbà pé ó wà mọ́, àṣé ẹni tí mò ń bínú sí ni.

Arábìnrin kan nínú ìjọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ọlọ́run ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀." Mo ní rárá. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, pàápàá létí Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run tó máa pa ọmọ ẹlòmíràn kó tó lè wo tèmi sàn, n kò lè kọrin fún un. Kì í ṣe ohun tí mo rí nìyẹn. Ohun tí mo rí ni erùpẹ̀ ibojì lẹ́sẹ̀ ọkùnrin kan tó yẹ kó wà nílé kí wọ́n máa bá a kẹ́dùn, tó gun ọ̀kadà padà wá nítorí ọmọ tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ibi tí oore yẹn ti wá, ibẹ̀ ni mo ń kọjú sí báyìí tí mo bá kúnlẹ̀. N kò mọ ìdí tí ọmọ rẹ̀ fi kú. Ìbéèrè mi kò lọ, mo gbé e dání wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bàbá ọmọ onígìrì inú Bíbélì náà wí fún Jésù pé òun gbàgbọ́, kó ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́, Jésù kò sì lé e.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, a pè wọ́n, wọ́n wá. Ìyá Ìbejì wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn. Kí wọ́n tó pè wá, ẹgbẹ́ akọrin kọrin, mo sì kọ ìlà tèmi, ohùn jáde, ó há díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ẹbí tó fẹ́ dúpẹ́ bọ́ síwájú. Ọkọ mi dìde, èmi náà sọ̀ kalẹ̀ láti ibi akọrin. Mo wẹ̀yìn, mo rí Bàbá Ìbejì tó ṣe bí ẹni fẹ́ dìde, tó tún jókòó, kò mọ̀ bóyá òun náà wà lára àwọn tí wọ́n pè. Ọmọ mi jọ̀wọ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó sá gba àárín ìjọ lọ sẹ́yìn, ó sì fà á lọ́wọ́ dìde.