Olivia de Havilland àti ọdún méje tí wọn kò fẹ́ kó pé

Bí a bá dárúkọ Olivia de Havilland láàárín àwọn tó fẹ́ràn fíìmù àtijọ́, Melanie, obìnrin onínú tútù inú Gone with the Wind, ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń rántí. Èmi náà fẹ́ràn Melanie, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló mú kí n máa wá ìtàn òṣèrébìnrin yìí kiri. Ẹjọ́ tí ó bá ilé iṣẹ́ fíìmù Warner Bros. ṣe ni. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe níbí ní Àkúrẹ́, mo sì ní àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ àkókò tí ènìyàn fi sin ẹlòmíràn, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó yẹ kó parí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè gbọ́ kí n sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìlú Tokyo ní orílẹ̀-èdè Japan ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 1916. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1919, ìyá rẹ̀ kó òun àti àbúrò rẹ̀, Joan, lọ sí California nítorí ara àwọn ọmọ náà tí kò le, ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Saratoga ni wọ́n sì dàgbà sí. Ìyá náà ti ṣe eré orí ìtàgé rí, òun ló sì kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kó já gaara. Ní ọdún 1934, Max Reinhardt, olùdarí eré ọmọ ilẹ̀ Austria, fẹ́ ṣe A Midsummer Night's Dream ti Shakespeare ní gbàgede Hollywood Bowl. Wọ́n fi Olivia sí ẹ̀yìn, pé kí ó mọ ọ̀rọ̀ inú eré náà sórí bóyá wọn yóò nílò rẹ̀. Òṣèré tó ni ipa náà kò lè ṣe é mọ́, ni ọmọ Saratoga bá bọ́ sójú agbo. Nígbà tí Warner Bros. fẹ́ sọ eré náà di fíìmù, wọ́n mú un, wọ́n sì gbé ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà náà. Ní ọdún 1936, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 19, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun, ti ọdún méje.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ní Hollywood ayé ìgbà náà, ilé iṣẹ́ ló ń pinnu fíìmù tí òṣèré yóò ṣe, ẹni tí wọn yóò jọ ṣe é, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Owó ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san. Bí ilé iṣẹ́ mìíràn bá fẹ́ òṣèré náà, ẹni tí ó ni í lè yá a fún wọn, kí ó gba owó gọbọi, kí ó sì máa san iye tó wà nínú ìwé fún òṣèré bí ẹni pé kò sí ohun tó yí padà. Bí òṣèré bá kọ ipa kan, wọn yóò dá a dúró láìsanwó, gbogbo ọjọ́ tí ó bá fi jókòó sílé ni wọn yóò sì fi kún ìdí ọdún méje náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá láyà láti kọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni ọdún tirẹ̀ máa ń gùn jù lọ.

Ilé iṣẹ́ náà sì lò ó dáadáa. Ní ọdún 1935 wọ́n fi òun àti Errol Flynn ṣe Captain Blood, àwọn òǹwòran fẹ́ràn àwọn méjèèjì pọ̀, ni wọ́n bá ń so wọ́n pọ̀ títí ó fi di fíìmù mẹ́jọ. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni The Adventures of Robin Hood ti ọdún 1938. Ó dára lójú, n kò ní purọ́, àwọn aṣọ inú rẹ̀ nìkan tó láti mú aránṣọ jókòó tì í. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fún obìnrin yìí ṣe? Kí ó wọ aṣọ àrán, kí ó dúró sí ojú fèrèsé, kí akọni wá gbà á sílẹ̀. Nígbà tí David Selznick, ẹni tó gbé Gone with the Wind jáde, ń wá ẹni tí yóò ṣe Melanie, Jack Warner, ọ̀gá Warner Bros., kò fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀. Olivia lọ bá ìyàwó Warner, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ife tíì, ọ̀rọ̀ aya sì wọ ọkọ létí. Fíìmù náà jáde ní ọdún 1939, wọ́n sì dárúkọ Olivia fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Hattie McDaniel, tí wọ́n jọ ṣe fíìmù kan náà, ló gbà á, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gba Oscar. Èyí jẹ́ ohun tí inú mi ń dùn sí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀.

Ìgbà tí ó padà sí Warner, ojú fèrèsé náà ló tún bá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ipa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dá a dúró. Ní ọdún 1943, ọdún méje pé ó sì lé, ó ní òun ti ṣe tán. Wọ́n ní rárá, ó ṣì jẹ àwọn ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ìyẹn gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi dá a dúró.

Ìlú Oǹdó ni mo ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ọdún mẹ́ta ni bàbá mi fọwọ́ sí nínú ìwé àdéhùn mi. Ọ̀gá mi ní ìwé kékeré kan tí ó máa ń fi sínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì rẹ̀, lábẹ́ àwọn bọ́bìnì. Bí ibà bá mú mi, ó kọ ọ́. Bí a bá lọ sin òkú nílé, ó kọ ọ́. Ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kí n tètè dé, ó fa ìlà kékeré kan sí i, ìlà méjì sì di ọjọ́ kan. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra aṣọ fírídọ́ọ̀mù, ó ṣí ìwé náà síwájú bàbá mi, ó ń fi ìka tọ́ka sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́, àwọn àgbà àdúgbò bẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ mo sin gbogbo ọjọ́ náà pé. N kò bá a jà, ó kọ́ mi níṣẹ́ tó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á pé obìnrin kan ní California dojú kọ ìṣirò bẹ́ẹ̀ nílé ẹjọ́, mo dìde lórí àga mi.

Mo sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ń tú ìrán apá bùbá kan lọ́wọ́, gbójú sókè, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tó lówó tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀, náà tún lè wà lábẹ́ ọ̀gá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwé tí ènìyàn fọwọ́ sí kò mọ olówó yàtọ̀.

Agbẹjọ́rò rẹ̀, Martin Gang, ló fi òfin kan hàn án. Ó wà nínú òfin ìpínlẹ̀ California pé ẹnikẹ́ni kò lè fi ìwé àdéhùn de òṣìṣẹ́ mọ́ iṣẹ́ ju ọdún méje lọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò ju èyí lọ: ṣé ọdún méje orí kàlẹ́ńdà ni, tàbí ọdún méje tí ènìyàn fi ṣiṣẹ́ gan-an? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1943 ni ó pe ẹjọ́ náà. Kí ó tó tó bẹ́ẹ̀, Bette Davis, tó jẹ́ òṣèré ńlá ní ilé iṣẹ́ kan náà, ti bá wọn ṣẹjọ́ ní London ní ọdún 1936, ó sì pàdánù. Gbogbo ènìyàn ló mọ èyí, tí Olivia náà sì mọ̀ ọ́n. Jack Warner kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù yòókù pé kí wọ́n má gbà á síṣẹ́, wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀. Nǹkan bí ọdún méjì ni kò fi rí fíìmù ṣe. Ó ń lọ kí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn, títí dé àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì, níbi tí òtútù àyà ti dá a dùbúlẹ̀ ní Fiji.

Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá a láre ní ọdún 1944. Warner kò gbà. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún dá a láre: ọdún méje, ọdún méje orí kàlẹ́ńdà ni, láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì fi kún un pé òṣìṣẹ́ kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí, nítorí pé ire gbogbo ará ìlú ni wọ́n fi ṣe òfin náà. Gbólóhùn yìí ni mo kà lákàtúnkà. Ẹni tí ebi ń pa, tàbí ọmọ ọdún 19 tí ń wá ọ̀nà, kò ní ṣe aláìfọwọ́ sí ohunkóhun tí a bá gbé síwájú rẹ̀, àwọn adájọ́ wọ̀nyí sì mọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1945, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní California kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ Warner, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe òfin náà. Nígbà tí EMI, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, pe ẹgbẹ́ olórin Jared Leto lẹ́jọ́ ní ọdún 2008, tí wọ́n ń béèrè 30 mílíọ̀nù dọ́là, òfin yìí kan náà ni àwọn olórin náà dì mú.

Iṣẹ́ rẹ̀ wá yàtọ̀ lẹ́yìn náà. To Each His Own ti ọdún 1946 fún un ní Oscar àkọ́kọ́. Ní ọdún 1948, ó ṣe The Snake Pit, níbi tí ó ti jẹ́ obìnrin tí àrùn ọpọlọ dé, tí ó jí rí ara rẹ̀ nílé ìwòsàn tí kò mọ bí òun ṣe débẹ̀. Ó lọ sí irú àwọn ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, ó wo àwọn aláìsàn dáadáa kí ó tó ṣe é. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá wo fíìmù yìí, nítorí pé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ni wọ́n ṣì ń lò láti fi pa wá lẹ́rìn-ín jù, ìyẹn sì máa ń dùn mí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni The Heiress, ọdún 1949, tí William Wyler darí, tí ó sì fún un ní Oscar kejì. Ibì kan wà tí Catherine, ipa tí Olivia ṣe, ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ já kulẹ̀ lóru, ń gbé àpótí rẹ̀ gun àtẹ̀gùn padà sí yàrá. Wọ́n ní Wyler ní kí wọ́n kó ìwé tó wúwo kún àpótí náà. Ẹ wo èjìká rẹ̀ níbẹ̀, ẹ wo bí ẹsẹ̀ kan ṣe ń dúró de èkejì.

Ọ̀rọ̀ òun àti Joan, àbúrò rẹ̀ tí ń jẹ́ Joan Fontaine nínú fíìmù, kò dùn rárá. Joan ló gba Oscar mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọdún 1942, ìjà wọn sì dàgbà ju àmì-ẹ̀yẹ lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Joan kú ní ọdún 2013.

Láàárín àwọn ọdún 1950 ni Olivia kó lọ sí Paris, ibẹ̀ ló sì gbé títí. Ní ọdún 1965, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ àjọ̀dún fíìmù Cannes. Ní ọdún 2017, nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí ó pé ọdún 101, ó tún pe ilé iṣẹ́ FX lẹ́jọ́ lórí bí wọ́n ṣe gbé e jáde nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n láìgba àṣẹ rẹ̀. Èyí kò bọ́ sí i, ó pàdánù. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 2020, lẹ́ni ọdún 104.

Ẹni tí kò bá tíì wo fíìmù rẹ̀ kankan rí, mo rọ̀ yín, ẹ fi The Heiress bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó padà sí Robin Hood. Èyí tó wà ṣáájú ẹjọ́ náà, àwọn ọ̀gá ló yàn án fún un. Èyí tó tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án.