Kí ẹ tó béèrè nípa Mac yín

Nígbà tí mo ra Mac tòkunbọ̀ kan, kọ̀ǹpútà tí Apple ń ṣe, ní Ìkẹjà, ohun tí ó kọ́kọ́ dà mí láàmú ni pé n kò mọ bí a ṣe ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí rẹ̀. Mo gbé e lọ bá alátùnṣe kan. Ó gba owó mi, ó ní kò sí ọ̀nà, àfi kí n máa da àwọn lẹ́tà náà kọ láti ibòmíràn. Mo gbà á gbọ́ fún odidi oṣù méjì.

Ìgbà tí mo yíjú sí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo tún ṣìnà, nítorí pé mo ń tẹ̀lé ìmọ̀ràn láì wo ọjọ́ orí rẹ̀. Gbogbo wọn ní kí n ṣí System Preferences, ibi tí a ti ń ṣètò Mac, mo sì wá a títí ojú fi ń ta mí, láì mọ̀ pé nínú Ventura, irú macOS (ètò tí ń darí Mac) tí ó jáde ní 2022, ni Apple ti sọ orúkọ rẹ̀ di System Settings, tí wọ́n sì tún inú rẹ̀ tò. Nítorí náà, kí ẹ tó wá ìmọ̀ràn, ẹ tẹ àmì èso ápù tí ó wà ní igun òkè lápá òsì, ẹ yan About This Mac, kí ẹ sì kọ ohun méjì sílẹ̀: irú macOS tí ẹ ní, àti bóyá chip (ọpọlọ ẹ̀rọ) Intel ni ó wà nínú ẹ̀rọ yín tàbí ti Apple fúnra rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí M1 ní 2020. Bí ẹ bá fẹ́ tan ẹ̀rọ ní safe mode, ọ̀nà tí a fi ń wá ohun tó ń dà á láàmú, fún àpẹẹrẹ, Shift ni a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ti Intel, ṣùgbọ́n lórí M1 àti àwọn àbúrò rẹ̀, bọ́tìnnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ ni a ó kọ́kọ́ dì mú. Ẹni tí ó bá gba ìmọ̀ràn tí ó wà fún irú ẹ̀rọ kejì yóò rò pé ẹ̀rọ tòun ti bàjẹ́.

Ibi tí mo ti rí ìdáhùn wà níwájú mi láti ọjọ́ kìíní: Help, tí ó wà lókè ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí rẹ̀. Bí ohun tí ẹ ń wá bá wà nínú app tí ẹ ṣí, ọfà búlúù kan yóò yọ láti nàka sí i. Ibẹ̀ ni mo gbà dé inú ìwé ìtọ́sọ́nà Apple, tí mo fi gbọ́ nípa kíbọọ̀dù ABC – Extended. Mo fi í kún Input Sources, ibi tí a ti ń yan kíbọọ̀dù, mo ṣí Keyboard Viewer, àwòrán kíbọọ̀dù lójú kọ̀ǹpútà, mo tẹ Option mọ́lẹ̀, àwọ̀ ọsàn sì hàn lára àwọn bọ́tìnnì kan. Mo tẹ Option pẹ̀lú x, mo jọ̀wọ́ wọn, mo tẹ o. Lẹ́tà ọ yọ. Díẹ̀ ló kù kí n pariwo.

Bí ẹ bá wá fẹ́ bi ènìyàn, ẹ kọ ohun méjì wọ̀nyẹn mọ́ ìbéèrè yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ya fọ́tò About This Mac ránṣẹ́, ẹ bo nọ́ńbà ẹ̀rọ náà (serial number), nítorí pé òun náà wà lójú ewé yẹn.