Ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní apá

Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń ka ìtàn iṣẹ́ R. Dale Reed, onímọ̀-ẹ̀rọ NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, ní aṣálẹ̀ California, ọkàn mi kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ohun tí òun àti Alfred Eggers, tó ti dá èrò náà sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ń wá ni ọkọ̀ tí yóò ti òde ayé bọ̀, tí awakọ̀ yóò sì darí síbi tó wù ú, dípò kí ó já sínú òkun kí ọkọ̀ ojú omi máa wá a kiri. Ooru tó ń pàdé ohun tó bá sáré wọ inú afẹ́fẹ́ lè jó apá tó bá fẹ́lẹ́. Nítorí náà wọ́n ní kí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ apá, kí imú rẹ̀ má ṣe ṣóńṣó, kí ikùn rẹ̀ rí róbótó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Lọ́dún 1963 ni wọ́n fi pátákó pẹlẹbẹ bo egungun irin, wọ́n sì pè é ní M2-F1. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò Pontiac kan tí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ló ń fi okùn fà á lórí Rogers Dry Lake, adágún gbígbẹ tí ilẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, tí awakọ̀ òfuurufú Milt Thompson jókòó sínú M2-F1, tí imú ọkọ̀ náà sì ń gbé sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, bàálù C-47 ló fà á ròkè.

Ti M2-F2, tí wọ́n fi irin ṣe, ló gbà mí lọ́kàn jù. Ohun méjì tó nà ró bíi lẹbẹ ẹja ló wà ní ìdí rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì máa ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1967, Bruce Peterson ṣẹ̀ṣẹ̀ borí fífì náà ni ọkọ̀ kanlẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jáde tán, tó sì yí gbiiri léraléra. Awakọ̀ náà farapa gidigidi, ṣùgbọ́n kò kú. Wọ́n tún ọkọ̀ yẹn kan náà kọ́, wọ́n fi lẹbẹ kẹta sí àárín, ó di M2-F3, ó sì rọrùn láti darí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún sùúrù yẹn ju eré tí HL-10, ọkọ̀ mìíràn tí kò ní apá, sá lọ́dún 1970 lọ, bó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì eré ìró.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ 1975, awakọ̀ John Manke gbé X-24B, òun náà ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ yìí, bà sórí ọ̀nà kọnkéré ní Edwards, ibùdó ọmọ ogun òfuurufú ní California, láìsí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Space Shuttle, ọkọ̀ NASA tó máa ń gbé ènìyàn lọ sí òde ayé nígbà náà, ní apá ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà àkọ́kọ́ tó ti òde ayé dé lọ́dún 1981 títí wọ́n fi dá a dúró lọ́dún 2011 ni òun náà fi ń bà láìlo ẹ́ńjìnnì, ohun tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe.