Ọ̀já Ọmọ, Ẹní Oníke àti Owó Àjọ

Ẹni tó bá ti jókòó sórí àpótí pa ẹja rí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àpótí yẹn ò ga ju orúnkún ọmọ ọdún méjì lọ. Wàá la ẹsẹ̀ méjèèjì, agbada omi á wà láàárín wọn, ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, èpìyà lọ́wọ́ òsì, orí á sì dojú kọlẹ̀ látìgbà tí ọkọ̀ àwọn apẹja bá ti gúnlẹ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn ní ọjà Olúwo, níbí ní Ẹ̀pẹ́, láti ọmọ ọdún 13, nígbà tí màmá mi ṣì wà lẹ́nu òwò. Mo ti pé 51 báyìí. Oníbàárà ń kánjú, ó fẹ́ ká ha ìpẹ́ ẹja, ká yọ ìfun ẹ̀, ká gé e, ká fi lé e lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹ̀yìn léèrè bó ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn, àti yógà tó bá mi tún un ṣe díẹ̀, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ̀yìn fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ àfi tí mo bá kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí mo di ògiri mú, tí mo pe Ọlọ́run. Mo fi òrí pa á, mo mu àgbo, mo ń gbé oògùn ara ríro mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, títí inú mi fi ń ta mí bí ẹni gbé ata mì. Wọ́n ya fọ́tò egungun fún mi ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí èyí tó ṣẹ́, pé ọjọ́ orí ni, àti iṣẹ́. Mo ní ẹ ṣeun. Mo padà sídìí àpótí mi.

Àkókò yẹn náà ni alájọ wa wá sálọ. Ẹgbẹ̀rún kan náírà lójúmọ́, ọjọ́ 340, mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Fìríìsà ni mo fẹ́ fi rà. Ọkùnrin tó máa ń kí wa láràárọ̀ pé "Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá mi", ọjọ́ Ajé kan, kò yọjú. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́. Látìgbà náà, tó bá ti di aago méjì òru, ojú mi á là kedere, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó tí kò sí: ti oṣù Ṣẹ́rẹ́, ti Èrèlè, ti Ẹrẹ́nà. Bí mo bá ṣì í kà, màá tún padà sí Ṣẹ́rẹ́. Eyín mi á ti há mọ́ra, èjìká mi á ti gbéra dé etí. Ẹ wá wo ẹ̀yìn tó fẹ́ sàn lára irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wálé Iléyá, tó rí bí mo ṣe ń di ògiri mú. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa ṣe yógà." Mo wò ó. Yógà tí mo mọ̀ ni ti inú tẹlifíṣọ̀n, obìnrin òyìnbó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìwọ̀, tó gbé ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí n kú ni?" Ó ní kí n kàn fi ọwọ́ àti orúnkún délẹ̀ bí ìgbà tí mo bá fẹ́ nu ilẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n mí sínú, kí n jẹ́ kí ikùn wálẹ̀, kí n gbé orí sókè. Kí n mí síta, kí n wá ká ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó rí ajá. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tó máa fi tó ìgbà keje, nǹkan kan dún kọ́ ní ìbàdí mi, mo sì dìde láìdi ohunkóhun mú. Mi ò ní ó sàn o. Mo ní mo dìde.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Íńdíà ni yógà ti wá, ìwé tí wọ́n fi orúkọ Patanjali, amòye àtijọ́ kan níbẹ̀, pè nípa ẹ̀ sì ti ju 1,500 ọdún lọ. Orúkọ náà, láti inú èdè Sáńskírítì ni, ìtumọ̀ ẹ̀ ni kí a so nǹkan pọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi àjàgà kan so màlúù méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yógà ni B.K.S. Iyengar, olùkọ́ yógà ọmọ Íńdíà. 1918 ni wọ́n bí i, àìsàn ló sì fi ìgbà èwe ẹ̀ ṣe: ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, gbogbo ẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń kọ́ni ní yógà ní ààfin ìlú Mysore ló fà á wọ inú ẹ̀, ó sì lo ọdún 95 láyé. Ohun tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé òun ló jẹ́ kó di ohun tí ayé gbà pé ẹni tí ara ẹ̀ bá le lè lo àga, okùn, bùláńkẹ́ẹ̀tì, ohun tó bá ṣáà máa jẹ́ kó débi tó ń lọ láìjẹ́ pé ó fi ipá mú ara.

Ni mo bá ṣí àpótí aṣọ mi. Ọ̀já tí mo fi pọn ọmọ mẹ́rin ṣì wà níbẹ̀, àwọ̀ búlúù ẹ̀ ti ṣá, àbàwọ́n adí àgbọn ṣì wà ní etí ẹ̀ kan. Mo dùbúlẹ̀, mo fi àárín ẹ̀ kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, mo di etí méjèèjì mú, mo wá ń na ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn itan mi ń gbọ̀n bí ewé ọ̀pẹ. Orúnkún kọ̀, kò nà. Mo dúró síbi tó dúró sí. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì ni orúnkún ọ̀hún tó gbà. Òwú ọ̀já lágbára o. Ẹni tó hun tèmi, Ọlọ́run á bùkún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta okùn yógà fún yín.

Ẹní ni ẹ lè ná owó lé. Èmi kọ́kọ́ tẹ́ ẹní oníke tí a fi ń kírun sórí táìsì, mo fi ọwọ́ méjèèjì délẹ̀, mo gbé ìdí sókè bí ajá tó ń na ara. Ẹní gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ, èmi náà gba tèmi, àgbọ̀n mi ló sọ ibi tí mo balẹ̀ sí. Ọjọ́ mìíràn, mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ yó, mo wá dojú délẹ̀, mo gbé àyà sókè bíi ṣèbé. N kò ní sọ ìyókù. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ tó nípọn ni kí ẹ fi sí.

Àáfà tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kéwú gbọ́, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, wọ́n ní ẹ ti ń bá àwọn ará Íńdíà ṣe ẹ̀sìn." Mi ò bá wọn jiyàn, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ní 2008, ìgbìmọ̀ àwọn àáfà àgbà ní Malaysia sọ pé kí Mùsùlùmí má ṣe yógà. Nígbà tó di 2009, àwọn ti Indonesia ní èyí tó ní ọfọ̀ àti ìjọsìn àwọn Híńdù nínú ni kò tọ́, pé ẹni tó bá kàn ń fi na ara, kò lẹ́bi. Ọmọ mi ló ka méjèèjì fún mi, èyí ẹ̀kejì sì ni mo mú. Mi ò kọrin, mi ò sọ "Om", ọ̀rọ̀ mímọ́ àwọn Híńdù, mi ò foríbalẹ̀ fún oòrùn. Mo wá fi ọ̀kan han Àáfà: mo kúnlẹ̀, mo jókòó lé gìgísẹ̀, mo fi iwájú orí kanlẹ̀, mo na ọwọ́ síwájú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èyí tá a ń ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ nìyí, ẹ kàn pẹ́ níbẹ̀ ni."

Èyí tó gbẹ̀yìn nínú gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní savasana. Ọmọ mi lọ́ tìkọ̀ kó tó sọ ìtumọ̀ ẹ̀, torí ó mọ ìyá ẹ̀: ìdùbúlẹ̀ òkú. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Nínú ilé tèmi, "ìdùbúlẹ̀ ẹni tó tajà tán" là ń pè é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ló le jù níbẹ̀. Kí ẹ kàn dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹ má sùn, kí ẹ má ṣe nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi tí mi ò na ẹ̀yìn lójú mọ́mọ́ rí àfi tí mo bá ṣàìsàn tàbí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ! Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé obìnrin tó bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, ọ̀lẹ ni. Ìṣẹ́jú kìíní, ọwọ́ mi ń wá iṣẹ́. Ìkejì, mo rántí pé mi ò tíì fi iyọ̀ sí ẹja tó ṣẹ́kù. Ìkẹta, mo ti wà nídìí ẹja.

Ọjọ́ tí mo wá dúró jẹ́ẹ́ gan-an ni Ìyá Ìbejì yà wá san owó ẹja. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ó bá mi nílẹ̀, ọwọ́ lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, ẹnu là díẹ̀. Igbe tó ké, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní etí ọ̀sà. Mo la ojú, mo ní, "Ìyá Ìbejì, mò ń sinmi ni." Ó ní, "Ìsinmi wo lèyí? Ìsinmi ayérayé?" Àyà ẹ̀ ń lù kìkì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo mú un jókòó, mo ní kó mí sínú kó ka mẹ́rin, kó mí síta kó ka mẹ́fà. Nígbà tó fi máa ṣe é tó bí ìgbà mẹ́jọ, ó ti rántí pé òun fẹ́ bá mi ná owó ẹja tó ti jẹ tán.

Kíkà yẹn gan-an ló mú mi jókòó kọ èyí. Mẹ́rin wọlé, mẹ́fà jáde, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nìyẹn, ìyẹn ni pé èémí mẹ́fà péré nínú ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí tó 12 sí 20. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, lábẹ́ àtàǹpàkò, níbi tí iṣan ti ń lù. Tí ẹ bá ń mí sínú, á yára díẹ̀. Tí ẹ bá ń mí síta, á falẹ̀. Ọmọ mi ní iṣan kan wà, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, tó gùn láti ọpọlọ dé ọkàn, ó tún bá ibẹ̀ lọ sí inú, vagus lorúkọ ẹ̀, òun ló ń sọ fún ọkàn pé kó rọra nígbà tí a bá ń mí síta. Ẹni tó bá jẹ́ kí jíjáde gùn ju wíwọlé lọ, ó fi àyè sílẹ̀ fún un láti sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mi ò kì í mí. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara mi lọ́jà ni mo rí i: tí mo bá fẹ́ gé orí ẹja, màá di èémí mú. Tí oníbàárà bá ní "Ẹ̀yin kẹ̀, ó ti wọ́n jù," màá di èémí mú. Tí fóònù bá dún lóru, bákan náà. Ọgbọ̀n ọdún ó lé, tí ẹ̀yìn àti èjìká ń bá mi gbé èémí tí mi ò tú sílẹ̀.

Lóru náà, mi ò lè sọ fún ọpọlọ mi pé kó má ka nǹkan. Ọlọ́jà ni mí, kíkà ni iṣẹ́ mi. Mo kàn pààrọ̀ ohun tó ń kà ni. Tí ojú bá là ní aago méjì, tí Ṣẹ́rẹ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, màá mú ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Nígbà mìíràn, owó náà á tún yọ sáàárín, pàápàá ní Ẹrẹ́nà, oṣù tí mo yáwó kí n má bàa pa ọjọ́ jẹ. Màá tún bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé iṣẹ́ ìyanu ni o. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mò ń lò ó, dókítà ló sì máa sọ ìgbà tí màá dín in kù, kì í ṣe ẹní. Ní ti ẹ̀yìn, ẹgbẹ́ àwọn dókítà onímọ̀ ìṣègùn inú ní Amẹ́ríkà sọ ní 2017 pé ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ lára, kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ohun tí kì í ṣe oògùn, yógà sì wà nínú èyí tí wọ́n kà. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 320 ní àgbègbè Boston. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, àwọn tó ṣe yógà àti àwọn tó lọ sọ́dọ̀ onífisiò, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara ní ilé ìwòsàn, jọ ṣe dọ́gba ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn ti wà ní 2011, níbi tí yógà ò ti dára ju pé kéèyàn kàn na ara lásán lọ. Èyí ò dùn mí. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí Àáfà tiẹ̀ ò bá rẹ́rìn-ín ṣì lè na ara.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní gùlọ́kómà, èyí tó máa ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀ láìro èèyàn, ó sì pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Mo ti ń kọ́ wọn ní èyí tó dà bí ajá kí ọmọ mi tó pariwo lé mi lórí. Gbogbo èyí tí orí bá ti wà nísàlẹ̀ tí ìdí wà lókè, ó máa ń mú kí omi inú ojú tì í ju bó ṣe yẹ lọ, láàárín ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe é mọ́. Ti ológbò àti ti ẹni tó tajà tán ni wọ́n ń ṣe, oorun ni wọ́n sì sábà máa ń fi parí ẹ̀.

Lọ́jà, mo ti gbé àpótí mi lé búlọ́ọ̀kù méjì, mo gbé agbada sórí tábìlì kékeré kan. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan pé mo ti di ọ̀gá. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù, búlọ́ọ̀kù ti wọ́n ní ìlà tiwa. Wọn ò tíì rí alájọ. Inú kóló ni mò ń tọ́jú owó fìríìsà sí báyìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ni mi ò ní sọ.

Òru àná, ojú mi là. Dípò kí n máa yí lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ́ ẹní, mo fi ọ̀já kọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo ń kà á. Mo rántí èémí kẹtàdínlógún. Ìpè Àsùbáà ló jí mi nílẹ̀, ọ̀já ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.