Hard Disk Tó Ń Pariwo: Ẹ Pa Á Kí Ẹ Tó Wá Ìdí Rẹ̀

Bí hard disk bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́nà tí kò gbà dún tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pa kọ̀ǹpútà náà. Àwo inú rẹ̀ ń yí nígbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, orí tó ń kà á sì léfòó lókè rẹ̀. Àlàfo àárín wọn kéré jìnnà sí fífẹ̀ fọ́nrán irun kan. Orí tó bá ti já lu àwo yóò máa họ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì wà lára rẹ̀, fáìlì yín gan-an ló sì ń họ dànù.

Ẹ rí i dájú pé òun ló ń dún. Ẹ̀ṣẹ̀ fáànù ni wọ́n sábà máa ń dì ru hard disk. Bó bá jẹ́ SSD ló wà nínú laptop yín, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀ rárá, ẹ lọ wo fáànù. Ní ti desktop, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ lára iná ògiri, ẹ yọ wáyà méjèèjì tó wọ hard disk, ti iná àti ti SATA (èyí tó ń gbé fáìlì), kí ẹ wá tún tan án. Bí ariwo bá ṣì ń lọ, hard disk ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ dá wáyà padà, kí ẹ tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀kan péré, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ. Ẹ fi ẹnu síkúrù-dírẹ́bà gígùn kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ (ẹ má kan bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́), kí ẹ gbé èkù rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí.

"Kìrìkìrì" nígbà tó ń ṣiṣẹ́ kò ní wàhálà. "Tà!" kan ṣoṣo nígbà tí NEPA mú iná lọ náà kò burú: agbára tó kù nínú yíyí àwo ni orí fi ń sáré padà sí ibùsọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ra UPS.

"Kọ̀... kọ̀... kọ̀" tó ń lọ ní dọ́gbadọ́gba ni kó bà yín lẹ́rù. Orí kò rí àmì tó fi ń mọ ibi tó wà, ó ń padà sẹ́yìn, ó ń gbá ìdádúró rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ yẹ iná wò kí ẹ tó pè é ní òkú. Ihò USB 2.0 kò ṣèlérí ju 500 mA lọ, hard disk kékeré sì lè fẹ́ tó 1 A nígbà tó bá ń gbéra. Ẹ pààrọ̀ wáyà sí èyí tó kúrú, kí ẹ kì í sẹ́yìn kọ̀ǹpútà tààrà. Nínú desktop, ẹ fi mítà wọn wáyà iná rẹ̀: pupa gbọ́dọ̀ wà láàárín 4.75 sí 5.25 V, yẹ́lò láàárín 11.4 sí 12.6 V. Bí iná bá pé tó ṣì ń dún "kọ̀... kọ̀", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí ló bàjẹ́.

Bó bá ń ké "píì-píì", kò ní sípíkà nínú o. Mọ́tò ló fẹ́ yí tí kò lè yí, bóyá iná kò tó, bóyá orí lẹ̀ mọ́ àwo, bóyá bíárìn ti gan. Ẹ má gbá a mọ́ tábìlì. Èyí tó bá sì ń dún "hàràhàrà", ẹ yọ iná rẹ̀ kíá. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè wò ó sàn.

Èyí tí kọ̀ǹpútà ṣì dá mọ̀, tí kò dún "kọ̀", tí kò họ, ẹ fi CrystalDiskInfo (sọ́fítíwíà Windows tó ń ka ìròyìn ìlera hard disk) wò ó, tàbí smartctl -a /dev/sda lórí Linux. Ẹ wo ìlà 05 (ibi tó bàjẹ́ tí hard disk ti fi òmíràn rọ́pò), C5 (ibi tó ṣòro kà tó ṣì ń dúró) àti C6 (ibi tí kò ṣeé tún ṣe). Linux ń pè wọ́n ní 5, 197, 198. CrystalDiskInfo máa ń kọ iye wọn ní hexadecimal, nítorí náà A jẹ́ 10. Bí C5 bá ń pọ̀ sí i, ẹ kó fáìlì lónìí. C7 (àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wáyà) nìkan ló ń gòkè? Ẹ pààrọ̀ wáyà SATA.

Ẹ má ṣe chkdsk /f (àṣẹ Windows tó ń tún àṣìṣe dísíkì ṣe) fún hard disk tó ń ṣàìsàn. Ṣe ló ń kọ nǹkan sórí ibi tó yẹ kí ẹ máa kó nǹkan kúrò. ddrescue, irinṣẹ́ Linux tó ń ṣe ẹ̀dà (àwòrán) odidi hard disk, ni mo fọkàn tán jù (/dev/sdb níhìn-ín ni aláìsàn):

ddrescue -n /dev/sdb aworan.img aworan.map

-n yóò fo ibi tó le kọjá, kó lè kọ́kọ́ kó èyí tó rọrùn. Ẹ fi àwòrán náà sórí dísíkì mìíràn tí àyè rẹ̀ ju ti aláìsàn lọ, kí ẹ sì yẹ orúkọ /dev náà wò lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tó ń sọ pé kí ẹ gbé e sínú fírísà, ẹ má dá wọn lóhùn: ìrì yóò sẹ̀ sórí àwo. Ṣíṣí ìdérí rẹ̀ nínú yàrá náà, eruku kan ti tó láti ba orí jẹ́. Pípààrọ̀ bọ́ọ̀dù nìkan kì í sábà ṣiṣẹ́ lára àwọn tòde òní, torí ROM (ṣíìpù ìrántí kékeré) orí bọ́ọ̀dù ní ìwọ̀n tó jẹ́ ti hard disk yẹn nìkan. Àfi kí wọ́n fi irin gbígbóná yọ ROM náà kúrò, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù tuntun. Bí fáìlì náà bá ṣe pàtàkì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní yàrá aláìléruku, kí ẹ sì sọ fún un iye ìgbà tí ẹ ti tan án látìgbà tó ti ń dún.