Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù Điện Biên Phủ: ibi tí mo bá a dé

Férémù kẹ̀kẹ́ kékeré tí mò ń fọwọ́ ṣe ti parí. Wáyà bàbà ni mo tẹ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó àwọn oríkèé rẹ̀ pọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá kẹ̀kẹ́ gidi ni. Tíúùbù ọ̀kadà tó ti gbó ni mo gé ṣe táyà.

Ẹni tó bá ń fọwọ́ ṣe nǹkan nípa ogun Điện Biên Phủ, àfonífojì kan ní Vietnam, kòtò ogun àti ọkọ̀ òfuurufú ló sábà máa ń wù ú. Kò wù mí. Lójú tèmi, ẹrù rírù ni Viet Minh, àwọn ọmọ Vietnam tó ń jà fún òmìnira, fi ṣẹ́gun Faransé. Oṣù kọkànlá 1953 làwọn ọmọ ogun Faransé fi párásúùtù bọ́ sí àfonífojì náà, nítòsí ààlà Laos. Wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó lè kó àgbá ńlá, ìbọn ogun tó wúwo, gba orí òkè débẹ̀, ká má tiẹ̀ wá sọ oúnjẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Okùn ni àwọn ọmọ ogun Võ Nguyên Giáp, ọ̀gágun Viet Minh, fi fa àgbá gòkè. Nígbà tó di oṣù kìíní 1954, Giáp rí i pé àsìkò ò tíì tó, ó ní kí wọ́n fà á padà sẹ́yìn! Ẹni tó bá ti ti mọ́tò tó kú gun òkè rí á mọ ohun tí mò ń wí. Ní 13 oṣù kẹta, àgbá dún. Ní 7 oṣù karùn-ún, Faransé túúbá.

Ó yá, ọ̀pá. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ yìí kó ẹrù fún Viet Minh kì í gùn ún, títì ni wọ́n ń tì í. Ọ̀pá kan wà lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, òmíràn dúró lóòró nídìí ìjókòó, òun ni kì í jẹ́ kó ṣubú. Awẹ́ ọparun ni mo fá fún méjèèjì, mo fi òwú dì wọ́n mọ́ férémù. Ẹrù tó lé ní 200 kílò ni kẹ̀kẹ́ kan ń gbé. Ti Ma Văn Thắng, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tì í, gbé 352. Aṣọ àpò ni mo rán sí àpò ìrẹsì kéékèèké, iyẹ̀pẹ̀ ló wà nínú wọn kí wọ́n lè rọ̀ dáadáa.

Mi ò ní kùn ún kó máa dán. Àmì Peugeot nìkan ni mo máa kùn síwájú rẹ̀, torí púpọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ náà, Faransé fúnra rẹ̀ ló ṣe é.

Ó ku ẹni tó máa tì í. Bàtà tí wọ́n gé lára táyà mọ́tò ni yóò wọ̀, bíi tàwọn ará ibẹ̀ nígbà náà. Ìyókù tíúùbù yẹn á tó o.