Atẹ ìpápánu tí mo gbé lọ síbi ọjọ́ ìbí àbúrò mi

Àbúrò mi obìnrin pé ogójì ọdún nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó sì pín iṣẹ́ fún gbogbo wa. Small chops ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má da ara yín láàmú o, puff-puff àti samósà náà ti tó." Mo ní mo ti gbọ́. Àmọ́ puff-puff òde ìnáwó ti sú mi pátápátá. Ó máa ń tutù kó tó kàn yín, òróró á sì ti rin ọ̀rá.

Ifẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo bá ní kí dírẹ́bà dúró fún mi ní Ìkirè. Ọkọ̀ ò tíì dúró tán tí àwọn ẹlẹ́dòdò fi yí wa ká. Ẹni tí kò bá mọ dòdò Ìkirè á ní ó jóná ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà ni, wọ́n pò ó mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n wá ń fi epo pupa dín in títí á fi dúdú. Èyí tí wọ́n fi ewé wé ni mo mú, mi ò gba ti inú ọ̀rá.

Bódìjà ni mo ti rí kókóró, róbó, kúlíkúlì àti gúrúndì. Àádùn nìkan ni mo fọwọ́ ara mi ṣe: mo yan àgbàdo gbígbẹ, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo fi epo pupa, ata gbígbẹ, iyọ̀ àti oyin díẹ̀ pò ó. Epo yẹn ni kí ẹ ṣọ́ o. Tó bá kéré, gbogbo rẹ̀ á fọ́n sára aṣọ. Tó bá pọ̀, ẹ ti ro ẹ̀bà nìyẹn.

Mo fọ atẹ tí mo fi ń fẹ́ ẹ̀wà, mo sá a sóòrùn. Mo na ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síná díẹ̀ kó lè rọ̀, torí tútù rẹ̀ máa ń ya, mo tẹ́ ẹ sórí atẹ. Igbá àádùn dúró láàárín, kókóró yí i ká, dòdò dúdú sún mọ́ gúrúndì kí àwọ̀ wọn lè yọ. Mo gé àgbálùmọ̀ ní ìbú; bí ẹ bá gé e bẹ́ẹ̀, ibi tí kóró rẹ̀ wà á yọ bí ìràwọ̀.

Wàrà ló fẹ́ dójú tì mí. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo fi igi ìtayín gún un, mo tò ó ti kókóró. Ká tó dé gbọ̀ngàn, omi rẹ̀ ti ṣàn, kókóró tó wà níbẹ̀ ti rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo yára kó wọn kúrò, mo tọrọ abọ́ kan fún wàrà. Inú abọ́ ló yẹ kó ti wà látilé.

Àbúrò mi ò kúkú fọkàn tán mi, ó ti ra puff-puff pamọ́. Àwọn ọmọdé jẹ ẹ́. Àwọn àgbà ni wọ́n wó lu atẹ mi. Ọ̀rẹ́ màmá wa kan di dòdò mẹ́ta sínú báàgì, ó wá fẹnu kò mí létí: "Ọmọ mi, ṣé ó ṣì kù nínú ọkọ̀?"

Mo ní ó ti tán, mà. Méjì ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ tèmi nìyẹn.